Kí Ojú Ọmọdé Lè Rí Ọ̀rọ̀ Ìtàn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ìjà ni ó bí i. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ìjà náà fún yín.

Ní ilé-ìwé kan tí mo ti ṣe olùkọ́ rí, a ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ìtàn ilẹ̀ Yorùbá. A kan ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé: ìwọ̀fà. Ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní, "Tíṣà, kí ni à ń pè ní ìwọ̀fà?" Aago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, mo sì ń kánjú. Mo ní, "Ẹni tí wọ́n fi sìn nítorí gbèsè ni. Ó dà bí ẹrú." Bí mo ti sọ ọ́ ni mo kọ ọ́ sójú pátákó, bí mo ti kọ ọ́ ni wọ́n dà á kọ sínú ìwé wọn. Aago lù, oníkálukú bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, a kò tíì pe orúkọ tán tí bàbá arúgbó kan fi yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó wá béèrè ẹni tí ó sọ fún àwọn ọmọ pé ẹrú ni bàbá òun. Gbogbo àdúgbò ni ó mọ̀ pé bàbá tí ó bí i ti ṣe ìwọ̀fà rí nígbà èwe rẹ̀, nígbà tí àwọn ará ilé wọn yá owó ìsìnkú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi sì ti mú ìwé rẹ̀ lọ bá ọmọ-ọmọ bàbá náà ní etí odò, ó ní, "Tíṣà ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀fà dà bí ẹrú. Ọmọ ẹrú ni yín." Ìjà dé, imú ṣẹ̀jẹ̀, nígbà tí ó sì fi di alẹ́, agbo ilé méjì kò kí ara wọn mọ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà. Ẹ̀bi mi ni. "Ó dà bí" tí mo sọ yẹn ni ó ba gbogbo nǹkan jẹ́. Àwọn ọmọ kò rí ìwọ̀fà rí, wọn kò rí ẹrú rí; ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ́ ariwo lásán létí wọn, èmi sì wá so ariwo kan mọ́ èkejì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé bí ọ̀rọ̀ ìtàn kan bá jẹ́ ohun tí ó ṣe é fi ojú rí, ojú ni n ó fi kọ́ ọ, kí ẹnu tó wá ṣe àlàyé.

Ohun tí mo ṣe ní ọ̀sẹ̀ náà nìyí. Mo ya ọkùnrin méjì sójú pátákó, mo gbé ọkọ́ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn léjìká. Mo fún àwọn ọmọ ní ṣọ́ọ̀kì, mo ní kí wọ́n ya ọ̀nà tí olúkúlùkù gbà dé oko tí ó ti ń ṣiṣẹ́, àti ọ̀nà tí yóò gbà padà sílé. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ẹrú, ọ̀nà tí ó gbà wá ń gba ojú ogun kọjá, tàbí ojú ọjà, ibẹ̀ ni wọ́n ti rà á. Ọ̀nà ilé ńkọ́? Wọ́n wò mí lójú. Mo ní kí wọ́n gbé igi dínà níbẹ̀, nítorí pé àfi bí àwọn ènìyàn rẹ̀ bá rí i rà padà, tàbí bí olówó rẹ̀ bá dá a sílẹ̀, kò sí ọ̀nà.

A wá dé ọ̀dọ̀ ìwọ̀fà. Ilé rẹ̀ nìyẹn, oko olówó nìyẹn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó sì wà láàárín wọn, tí ó ń lọ tí ó sì ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ àgbà ọkùnrin, ilé ara rẹ̀ ni ó ń sùn; iṣẹ́ tí wọ́n bá jọ ṣe àdéhùn lé lórí ni yóò ṣe fún olówó, yóò sì padà sí ti ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni wọ́n fi sìn, ọ̀dọ̀ olówó ni ó sábà máa ń gbé. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe náà ni èlé. Owó tí wọ́n yá kò dín, kò sì lé. Ọjọ́ tí wọ́n bá san án pé, ọjọ́ náà ni iṣẹ́ parí. Ọmọ onílé ni ìwọ̀fà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á. Èmi kò sọ pé ìgbésí ayé tí ó dùn ni o. Ọdún mélòó kan ni ẹlòmíràn fi sin owó tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ọ̀nà méjèèjì yẹn, kò tún lè pe ọ̀kan ní èkejì mọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin àgbà yóò máa sọ pé, "Àwòrán! Àṣà òyìnbó nìyẹn. Ẹnu ni àwọn bàbá wa fi pìtàn." Òótọ́ ni pé ẹnu ni wọ́n fi pìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àrokò. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn, ohun tí ojú yóò rí ni wọ́n dì ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀ jẹ́ ẹfà, ẹni tí ó bá sì gbà á yóò gbọ́ "fà" nínú rẹ̀: ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ jẹ́ ẹ̀jọ, a sì gbọ́ "jọ" nínú rẹ̀: ohùn wa jọ, a wà ní ìṣọ̀kan. Owó méjì tí wọ́n so kí wọ́n kọjú sí ara wọn, ọ̀rẹ́ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, nǹkan ti bàjẹ́. Àwọn tí ó ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn pé ojú a máa gbọ́ ọ̀rọ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dárúkọ owó ẹyọ, ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé èmi kò tíì rí ẹ̀kọ́ tí ó dùn mọ́ àwọn ọmọ tó o. Láti àwọn erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà ni ọkọ̀ ti ń kó owó kéékèèké wá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò tún bẹ̀rẹ̀ sí kó irú kan tí ó tóbi jù ú lọ wá láti etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n kó o wá lákòójù, owó sì di yẹpẹrẹ lọ́jà. Nínú ìwé ìtàn, ẹ ó kà pé ìlú kan san ìtanràn ọ̀kẹ́ mẹ́wàá. Bi ọmọ ilé-ìwé òde òní léèrè bí ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ti pọ̀ tó. Yóò ní, "Àpò mẹ́wàá ni." Àpò kí ni? Èló ni ó wà nínú rẹ̀? Kò mọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wá hóró àgbàdo, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi kí ó rọ̀, kí ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní abẹ́rẹ́ àti òwú. Kí ó ka hóró márùn-ún márùn-ún, bí àwọn ará àtijọ́ ti ń ka owó, títí yóò fi pé 40, kí ó sín in. Okùn kan nìyẹn, ogójì. Bí ọmọ 25 bá wà ní kíláàsì, tí olúkúlùkù sín okùn méjì, ẹ ó ní 50 okùn. Ẹ di gbogbo rẹ̀ pọ̀: 2,000, ẹgbàá kan. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ó ń kún inú àpò kan, 20,000, òun ni ọ̀kẹ́ kan. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀kẹ́ fi jẹ́ orúkọ àpò, tí ó sì tún jẹ́ orúkọ iye. Ẹrù ọkùnrin kan ni. Nígbà náà ni kí ẹ wá sọ fún wọn pé ìlú kan san ọ̀kẹ́ mẹ́wàá: 200,000 owó, ọkùnrin mẹ́wàá tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ lójú ọ̀nà pẹ̀lú àpò lórí, àti ẹni tí ó jókòó kà á láti àárọ̀. Mo ti rí ọmọ tí ó súfèé nígbà tí ó gbọ́ ọ. Kò súfèé nígbà tí ó kà á nínú ìwé.

Okùn kan náà yóò sì kọ́ wọn ní òǹkà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó máa ń kígbe pé òǹkà Yorùbá le. Gbé okùn ogójì kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ní kí ó yọ hóró márùn-ún kúrò. Èló ni ó kù? Márùndínlógójì. Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ. Gbé ogún mẹ́ta kalẹ̀, òun ni ọgọ́ta. Yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀, àádọ́ta ni. Àwọn tí ó ṣe òǹkà yìí, nǹkan wà níwájú wọn tí wọ́n ń bù lé, tí wọ́n sì ń yọ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn ọmọ máa ń há sórí bí ẹyẹ ayékòótọ́: ìlàrí. "Ìlàrí ni àwọn ìránṣẹ́ ọba Ọ̀yọ́." Ó tán. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, "là" wà nínú rẹ̀, "orí" sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n a máa fá apá kan orí ìlàrí, wọ́n a sì dá irun apá kejì sí, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá yọ lókèèrè, kò sí ẹni tí yóò béèrè ẹni tí ó rán an. Orúkọ tí ọba sọ ọ́ pàápàá jẹ́ iṣẹ́ tí ó ń jẹ́. Mádàríkàn ni orúkọ ọ̀kan: kí ẹnikẹ́ni má fi orí kan orí pẹ̀lú ọba. Ọbakòṣetán ni òmíràn. Ẹ fún àwọn ọmọ ní bébà, kí wọ́n gé e bí ojú ènìyàn, kí wọ́n kun ìdajì orí ní dúdú, kí wọ́n dá ìdajì kejì sí. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ronú orúkọ tí ó bá fẹ́ kí ìlàrí tirẹ̀ máa jẹ́, kí ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bébà ni mo wí o. Ọmọ kan nínú kíláàsì mi bọ́ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí ó fá ìdajì orí òun. Onígbàjámọ̀ fá a. Ìyá rẹ̀ wá rí mi ní òwúrọ̀, n kò sì lè sọ gbogbo ohun tí ó sọ fún mi lórí afẹ́fẹ́.

Ọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀ ni ó ṣòro jù fún wọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, ọ̀gá rẹ̀ ni ó ń yí padà. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé wà lágbára, Aláàfin a máa fi ìlàrí ṣe ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Ìbàdàn gba ipò, àwọn náà fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ojú àwọn ènìyàn sì rí màbo lọ́wọ́ àwọn mìíràn nínú wọn. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ó wà ní ìlú wọn, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì parapọ̀. Ogun tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1877 láàárín Ìbàdàn àti àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú wá di ogun ńlá tí a mọ̀ sí Kírìjì, láti inú ìró ìbọn tí ń dún káàkiri òkè. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, 1886, ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Síbẹ̀, ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ibùdó wọn ká pátápátá. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán àwọn òyìnbó tirẹ̀ wá, kí ni àwọn ènìyàn wa sì pè wọ́n? Ajẹ́lẹ̀. Wọn kò wá ọ̀rọ̀ tuntun. Wọ́n ti mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Níhìn-ín ni mo máa ń mú àwòrán ilẹ̀kùn kan jáde. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, ọ̀gá nínú iṣẹ́ igi fífín, ẹni tí ó kú ní 1938, ni ó fín in fún ààfin Ògògà ti Ìkéré ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ilẹ̀kùn náà ní apá méjì. Ní apá kan, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé lórí, àwọn ìyàwó àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì yí i ká. Ní apá kejì, Kápútéènì Ambrose, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, ń bọ̀, àwọn aláàárù gbé e. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ síbi àfihàn ńlá kan ní Wembley nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Ó wọ àwọn tí ó rí i lójú, wọ́n sì fi ìtẹ́ ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Ilé Ìkóhun-Ìṣẹ̀ǹbáyé ti British Museum ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní.

N kì í tètè sọ gbogbo èyí fún àwọn ọmọ. Mo máa ń gbé àwòrán kọ́, n ó ní kí wọ́n wò ó fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà n ó béèrè pé: Ta ni ó jókòó sáyè rẹ̀? Ta ni ó ń rìnrìn àjò? Ta ni ó ń dúró de ta ni? Ọmọbìnrin kan dá mi lóhùn pé, "Tíṣà, òyìnbó ni àlejò." Ó tọ̀nà. Nínú ìwé tí òyìnbó kọ nípa àkókò náà, òyìnbó kì í ṣe àlejò, òun ni onílé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ti rí i lára igi pé ojú méjì ni a lè fi wo ajẹ́lẹ̀, n kò sì tíì kọ ohunkóhun sójú pátákó.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó ṣe é yà o. Ọ̀yọ́ Mèsì kì í ṣe ohun tí a ń yà, ènìyàn ni a fi ń ṣe é: ẹ mú ọmọ méje dìde, kí ọ̀kan jẹ́ Baṣọ̀run, kí ẹ fi ẹnì kan jókòó bí Aláàfin, kí ẹ sì ní kí ọba pàṣẹ ohun tí àwọn méje kò fẹ́. Ẹ ó rí bí yóò ti rí. Bí ẹ bá wá sọ ìtàn Baṣọ̀run Gáà fún wọn, ẹni tí agbára rẹ̀ ga ju ti ọba lọ láti 1754 títí tí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774, wọn yóò ti mọ ibi tí agbára náà ti wá.

Àwòrán pàápàá a sì máa purọ́. Mo ní kí wọ́n ya Ọ̀yọ́-Ilé fún mi lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n yà á bí Clapperton ti bá a ní 1826, tàbí bí Richard àti John Lander ti bá a ní 1830. Ìdajì kíláàsì ni ó fi páànù bo ààfin. Ẹnì kan so aago mọ́ Aláàfin lọ́wọ́. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ ni wọ́n yà. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá rẹ́rìn-ín lásán tí ó sì kọjá lọ, páànù náà yóò wà lórí Ọ̀yọ́-Ilé nínú ọkàn ọmọ náà títí ayé. Koríko ni wọ́n fi bo ilé nígbà náà, kọ̀bì sì ni ohun tí ó ń fi ààfin hàn yàtọ̀ sí ilé mìíràn. A tún un yà.

Ohun tí ó wá ràn wá lọ́wọ́ ni okùn kan tí mo ta láti igun kíláàsì kan dé èkejì. Mo ta kókó sí i, ọdún mẹ́wàá ni kókó kan dúró fún, láti 1820 títí dé 1960. Àwòrán kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá yà, wọ́n gbọdọ̀ fi kọ́ sára okùn ní ibi tí ọdún rẹ̀ wà. Ẹni tí ó ya aago ọwọ́ rìn lọ rìn bọ̀ lábẹ́ okùn, kò rí ibi tí yóò fi aago rẹ̀ kọ́ nítòsí 1830, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fi rọ́bà pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi bébà kéékèèké kọ́ ọdún tí a bí àwọn bàbá àgbà àti ìyá àgbà wọn. Ẹnu yà wọ́n gidigidi pé láti ọdún tí ìyá àgbà ẹlòmíràn délé ayé, kókó mélòó kan péré ni ó wà títí dé ọ̀dọ̀ Kírìjì.

Ẹ má ṣe rò pé owó ni èyí ń fẹ́. Hóró àgbàdo, òwú, bébà tí a ti kọ nǹkan sí lójú kan, èédú. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá dé tí ó béèrè owó ẹyọ tàbí àpò àtijọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má lé e. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ó mú un lọ, ẹ jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án nílé.

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ bàbá arúgbó tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a ya àwòrán ìwọ̀fà tán, mo ní kí àwọn ọmọ méjì tí ó jà ní etí odò jọ tún un yà sórí bébà ńlá, kí àwa mẹ́ta sì jọ gbé e lọ fún un. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó fi ìka tọ ọ̀nà náà láti ilé dé oko olówó, ó tún tọ̀ ọ́ padà. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Mo rò pé inú ń bí i síbẹ̀.

Ó ní, "Oko ti bàbá mi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Níbo ni ẹ yà á sí?"

A kò yà á. Ọmọ tí ó wí èébú ní ọjọ́ yẹn ni ó kọ́kọ́ mú èédú. Ó béèrè lọ́wọ́ bàbá ibi tí oko náà wà, bàbá sì fi ọ̀pá rẹ̀ júwe: lápá òsì, lẹ́yìn odò, níbi tí igi ìrókò kan wà nígbà náà. Ó yà á síbẹ̀, ó sì ya ọ̀nà kejì láti ilé lọ síbẹ̀.